Ẹ̀wù Aláwọ̀ Ọsàn

Etí omi ni wọ́n bí mi sí, ní Ìlàjẹ,
nínú ilé tó dúró lórí òpó.
Kí n tó rìn dáadáa ni mo ti ń lúwẹ̀ẹ́.
Nítorí náà, nígbà tí Sigrún,
ìyá arúgbó tó ń fi ọkọ̀ ìpẹja háyà ní Gimli,
na ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn sí mi pé kí n wọ̀ ọ́,
ẹ̀rín ni mo rín.
Mo ní, "Ìyá, omi mọ̀ mí."
Ó wojú mi, ó wo adágún.
Ó ní, "Eléyìí ò tíì gbọ́ orúkọ rẹ."

Oṣù Karùn-ún ni. Oòrùn ń tan bí ẹlẹ́tàn.
Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí yìnyín kúrò lójú adágún Winnipeg:
lókè, ooru; nísàlẹ̀, ọ̀gìnnìtìn.
Mo fi ẹ̀wù náà ṣe tìmùtìmù, mo jókòó lé e.
Rodel, ará Filipíìnì tí a jọ ń gé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ níbi iṣẹ́,
wọ tirẹ̀, ó de gbogbo okùn rẹ̀ pinpin,
ó tún fi súfèé kọ́ ọrùn.
Mo ní ó múra bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Ẹja gbé ìwọ̀ mi.
Mo dìde.
Ìyẹn nìkan náà ni: mo dìde dúró
nínú ọkọ̀ tí kò fẹ̀ ju ibùsùn àpọ́n lọ.
Ọkọ̀ ò bínú, kò pariwo;
ó kàn yí ikùn sókè
bí ajá tó fẹ́ kí wọ́n họ òun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé rírì ló ń pa ènìyàn,
òtútù ló kọ́kọ́ dé.
Ó já èémí gbà lẹ́nu mi.
Mò ń mí hẹ̀, hẹ̀, hẹ̀, mo sì ń gbé omi mì.
Lúwẹ̀ẹ́ wo? Ìlàjẹ wo?
Apá tó ń ya ìgbì òkun ní Ayétòrò
ti di igi ìdáná.

Èbúté wà níbẹ̀, mò ń wò ó:
ilé funfun kan, aṣọ lórí okùn,
ó sún mọ́ mi bí àwo oúnjẹ.
Rodel ń kígbe, "Má lọ! Má fi ọkọ̀ sílẹ̀!"
Ohun tí ojú rí nítòsí lórí omi,
apá lè má dé e láéláé.

Ìṣẹ́jú kan, o ó fi wá èémí rẹ.
Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìka ṣì ń gbọ́ràn.
Wákàtí kan, bóyá, kí ọkàn tó ṣú.
Sigrún ti ka ìṣirò yìí fún wa lówùúrọ̀;
fóònù mi ni mò ń wò.
Fóònù ọ̀hún ti wà nísàlẹ̀ báyìí,
kí ẹja máa fi pe ara wọn.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni Rodel lò.
Ó fi àjẹ̀ fa ẹ̀wù mi tó ń léfòó lọ.
Ṣé ẹ ti wọ bùbá fún ọmọ tó ń sunkún rí?
Bẹ́ẹ̀ ló rí, nínú omi, pẹ̀lú ìka tó ti ń kú.
Okùn kan ṣoṣo ló rí dè.
A gun ẹ̀yìn ọkọ̀ dé àyà.
Ó fun súfèé lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sinmi, ó tún fun ún.

Sigrún ti kọ ọ́ sára pákó: aago mọ́kànlá la ó padà.
Nígbà tó fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá mọ́kànlá,
kò wulẹ̀ gbàdúrà kankan,
ẹ́ńjìnnì ló tan.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì bi mí lórúkọ.
Ahọ́n mi wá a títí.
Adágún ti gbọ́ ọ, kò sì dá a padà fún mi
títí dìrọ̀lẹ́.

Lọ́dún yìí, ọmọkùnrin kan láti Ẹ̀pẹ́ dé sétí omi,
mo na ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn sí i,
ó rẹ́rìn-ín.
N ò bá a jiyàn.
Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ìyá,
mo ń de okùn náà:
ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta.